Àlùbọ́sà Tí A Kì Í Jẹ

Ìsìkàn, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, 1994.

Wúràọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Èmi àti ìyá rẹ ń bẹ lókè eèpẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fi ìkíni ṣáájú kí o má baà sọ pé ìbínú ni mo gbé wá, nítorí ìbínú ló kù báyìí.

Oṣù méje gbáko ni mo fi ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin tó wà nídìí fèrèsé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí n béèrè mọ́. Bó bá ti rí fìlà mi lókèèrè, á ti máa mi orí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé òkè òkun, ilé ti di ìtàn lójú wọn, ṣùgbọ́n n kò kà ọ́ mọ́ irú wọn.

Ìlú le. Láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ sí Oǹdó láti ibí yìí á jókòó sí gáréèjì títí ẹsẹ̀ á fi wú. Síbẹ̀ mo ń gbìyànjú láti lọ sí ìpàdé ẹbí wa ní Oǹdó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Gààrí tí a ń fojú tín-ínrín tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀gá. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú, a kò sùn lébi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ tí o ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣọ́ọ̀ṣì wa kò pè mí ní Adébùsóyè mọ́. Bàbá Lọ́yà ni mò ń jẹ́, àti lẹ́nu Àlùfáà, àti lẹ́nu àwọn tó ń gbálẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Òfin ha ti gùn tó bẹ́ẹ̀? Fi fọ́tò kan ránṣẹ́ tí o ti wọ aṣọ dúdú àwọn lọ́yà, kí n rí nǹkan fi hàn wọ́n. Ìyá rẹ náà ń fẹ́ gíláàsì ojú tí òun lè fi ka Bíbélì.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí,
Adébùsóyè.


Kent, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 1994.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màmá. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìrìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó kà á síwájú.

Bàbá, n kò ní di lọ́yà. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti fi ilé-ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀. Nígbà tí náírà já, ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kò san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ta ilé Ìsìkàn, nítorí náà n kò sọ. Mo wá iṣẹ́ tí n ó fi jẹun, mo sì rí i nínú ọgbà ilé ńlá kan ní ìgbèríko. Ní oṣù àkọ́kọ́, mò ń sunkún lójoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo rí i pé n kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú ọgbà báyìí, ìwé ìgbélùú mi sì pé. Ẹ má rò pé mò ń sá kiri.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mò ń gbìn. Òdòdó kan ni, ẹbí àlùbọ́sà. Ó ní isu abẹ́ ilẹ̀ bíi ti àlùbọ́sà ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ ẹ́. Inú oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá la ń rì í mọ́lẹ̀. Bó bá di oṣù karùn-ún, igi gbọọrọ kan á yọ láàrin ewé rẹ̀, á ga tó àyà mi, orí rẹ̀ á sì ṣí di òdòdó roboto aláwọ̀ èsè àlùkò, tó tóbi tó ọsàn. Àwọn òyìnbó máa ń wa ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà inú ọgbà, bọ́dà ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí. Àwọn èèyàn ń ti ìlú mìíràn wá wò ó.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Joy, obìnrin òyìnbó kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Òun ló fi bọ́dà tó gùn jù nínú ọgbà náà lé mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ohun tí mo gbìn síbẹ̀ ló rà. Nígbà tí mo hú u, bí ògì ló rí lọ́wọ́ mi. Ó ti fún mi ní ẹgbẹ̀ta isu mìíràn lọ́dún yìí. Ó ní bí wọ́n bá tún rà, òun á fi bọ́dà náà fún ẹlòmíràn, òun kò sì ní bu ọwọ́ lu ìwé tí n ó fi wọ ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọkọ́ kò ní wọ ọwọ́ ọmọ kankan nínú ilé yín. Mo mọ̀ pé mo ti rú òfin náà. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mi ò fi kọ̀wé láti oṣù méje. Ẹ súre fún mi, Bàbá. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń béèrè nìyẹn.

Ọmọ yín,
Wúràọlá.


Ìsìkàn, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, 1994.

Wúràọlá,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìdúró ni mo wà tí mo fi kà á, nítorí ọmọ kò lè ti Ìlú Ọba pàṣẹ ìjókòó fún mi.

Àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà tí a kì í jẹ. Ní ọdún tí ìyá rẹ ń gé àlùbọ́sà kan sí mẹ́rin fún ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ mi ń ri ẹgbẹ̀ta mọ́lẹ̀ kí òyìnbó lè wá wò ó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, mo wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sí oko ìjọba ní Bọ́lọ́rundúró, nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ní kí kálukú wá yan ilẹ̀. Èmi yan èyí tó wà ní kòtò, nítorí pé ó sún mọ́ omi, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Òjò pọ̀ ní ọdún méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Omi dúró sí ìdí kòkó mi, gbòǹgbò rẹ̀ rà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kórè, èmi ń fa igi òkú tu. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, èmi ni mo yàn án. Mo padà sí Oǹdó pẹ̀lú àpótí kan, gbogbo àdúgbò ń fi ojú àánú wò mí. Láti ibẹ̀ ni mo ti wá di akọ̀wé kóòtù ní Àkúrẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé fáìlì fún àwọn lọ́yà tí mo tó bí lọ́mọ. Mo búra pé lọ́jọ́ kan, ọmọ tèmi ni wọn yóò máa gbé fáìlì fún.

Kí ni kí n wá sọ fún Àlùfáà báyìí? Kí ni kí n sọ fún àwọn ará Ìsìkàn? N kò tíì sọ fún ìyá rẹ, n kò sì mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí o ó fi padà sídìí òfin.

Adébùsóyè.

Ilẹ̀ tí àlùbọ́sà náà ti rà, ṣé amọ̀ ni? Ṣé omi máa ń dúró níbẹ̀ lẹ́yìn òjò? Kì í ṣe pé ó kàn mí. Bó bá jẹ́ amọ̀, wèrè ló ń gbin ohun oníṣu sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kọ poro, ebè gbọọrọ, kí ó ga tó orúnkún. Da yanrìn oníhóró mọ́ ọn, kí o gbé ìdí isu náà lé orí yanrìn. Omi á wá ọ̀nà tirẹ̀ bá lọ.


Kent, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, 1994.

Bàbá mi,

Mo kí yín tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ẹ ní kí n má kọ̀wé, ẹ sì bi mí ní ìbéèrè. Bí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ tó bá dákẹ́ ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mò ń dáhùn ni.

Amọ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ Ajé, bàtà mi ṣì ń rì níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti gbin gbogbo ẹgbẹ̀ta isu náà sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí lẹ́tà yín tó dé. Ní ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí hú wọn, mo kọ poro, mo tún wọn gbìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Joy dúró tì mí, ó fọwọ́ gbá ìbàdí mú. Ó ní, "Kì í ṣe ànàmọ́ là ń gbìn síbí o. Ta ló kọ́ ọ báyìí?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ṣé olùtọ́jú ọgbà ni yín. Mo ní akọ̀wé kóòtù ni yín. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà.

N kò jẹ́ kí poro náà ga tó orúnkún. Mo kọ ọ́ dé ìdajì, ojú ń tì mí fún àwọn tó ń kọjá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún Màmá. Kí ó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kíkẹ́lọmọ, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé, ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì. Mo ti fi gíláàsì Màmá rán an.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Wúràọlá.


Kent, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 1995.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́, mo kọ lẹ́tà ọdún tuntun, n kò rí ìlà kan gbà. Kíkẹ́lọmọ ní òun fi gíláàsì lé Màmá lọ́wọ́, àmọ́ òun kò bá yín nílé, pé ẹ ti lọ sí ìpàdé ẹbí ní Oǹdó. Ó ní àwọn ará ilé sọ pé ẹ ti rù. Kí ló ń ṣe yín? Ìpàdé wo ni ẹbí ń ṣe tó bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí n kà á. Èyí tí ẹ kọ kẹ́yìn, mo ti kà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó sì sàn fún mi ju ìdákẹ́ yìí lọ. Ó ń dùn mí, Bàbá. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Láàárọ̀ yìí mo rí ewé. Ó ti yọ lórí poro, kékeré ni, ó le. Mi ò tíì lè yọ̀, nítorí pé wọ́n yọ báyìí lésìí kí wọ́n tó rà. Joy náà máa ń wá wò ó kó tó mu tíì àárọ̀, á wò ó, kò ní sọ nǹkan kan. Òun àti ẹ̀yin ti wá di ọ̀kan náà lójú mi.

Bí ara yín kò bá yá, ẹ jẹ́ kí Màmá bá mi kọ̀wé.

Wúràọlá.


Kent, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún, 1995.

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ó ti tanná.

Mẹ́tàdínlógún péré ni kò yọ nínú ẹgbẹ̀ta. Àwọn yòókù dúró gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri, oyin ń kùn lórí wọn. Joy rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ti bu ọwọ́ lu ìwé mi. Ó ní kí n kọ orúkọ bàbá mi sílẹ̀ fún òun kí òun lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọ̀sán gbogbo ló fi ń pè é, kò sì pè é dáadáa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ewé ìsàlẹ̀ ti ń rọ. Ẹni tó ni ilé ńlá náà ní kí n gé e kúrò nítorí kò dára lójú. Mo kọ̀, mo ní a kì í gé ewé iṣu tí kò tíì gbẹ, oúnjẹ ló ń kó lọ fún isu. Joy ní òótọ́ ni mo sọ. Fọ́tò wà nínú àpòòwé yìí.

Inú mi dùn, mo sì ń sunkún. Ẹni tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ni ẹni tí kò dá mi lóhùn láti oṣù kọkànlá.

Wúràọlá.


Ìsìkàn, Àkúrẹ́.
Ogúnjọ́, oṣù kẹfà, 1995.

Wúràọlá ọmọ mi,

Àgbà kì í bẹ ọmọdé lójúkojú, àmọ́ lẹ́tà kò ní ojú. Jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ mi ṣáájú ìkíni. Dárí jì mí.

Gbogbo lẹ́tà rẹ ló dé, títí kan káàdì. N kò rí ohun tí n ó kọ ni, nítorí mò ń bá ọ wí lórí irọ́, irọ́ sì kún ọwọ́ èmi náà. Kò sí ìpàdé ẹbí kankan ní Oǹdó. Bọ́lọ́rundúró ni mo máa ń sọ̀ lójú ọ̀nà. Ọdún kejì rèé tí owó ìfẹ̀yìntì ti ń dé nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí oúnjẹ ilé ń tán lọ, mo lọ bá Dúrótoyè àbúrò mi, ó fún mi ní ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, lórí òkè lọ́tẹ̀ yìí. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mo gbìn. Aṣọ ìpàdé ni mo ń wọ̀ jáde nílé, aṣọ oko á wà nínú báàgì. Bí mo bá ṣe tán, mo máa ń fọ ẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná kí n tó wọ ọkọ̀ padà. Bí mo bá gbé iṣu wálé, mo ń sọ fún ìyá rẹ pé ẹbí ló fi ta mí lọ́rẹ.

Nítorí náà, nígbà tí o kọ̀wé pé ọkọ́ ti wọ ọwọ́ rẹ, ara mi ni mò ń bínú sí. Ọwọ́ tí mo fi kọ èsì yẹn, ó ti bó. Mo ń sọ fún ọ pé oko jẹ́ ìtìjú, ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn fúnra mi sì wà lórí iná.

Kíkẹ́lọmọ ti sọ iṣẹ́ rẹ fún ìyá rẹ ní oṣù Kérésìmesì. Ìyá rẹ kò sọ fún mi pé òun gbọ́. Ó di ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn Àjíǹde, mo fẹ́ jáde, ó ki iyọ̀ àti ìgò epo pupa kékeré kan bọ inú báàgì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ oko. Mo ní kí ni ti epo nínú ìpàdé ẹbí. Ó ní, "Ẹ máa fi jẹ iṣu sísun ni." Mo gbé báàgì sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Wúràọlá, ọmọ ń purọ́ oko fún mi láti Ìlú Ọba, ọkọ ń purọ́ oko fún mi láti Oǹdó. Ta ló sọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé oko ń tì mí lójú? Òun ni bàbá mi fi tọ́ mi dàgbà." Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún mi.

Lẹ́tà òdòdó rẹ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yìí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a ṣe ọjọ́ àwọn bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè wá jáde fún àdúrà. Wọ́n pe Bàbá Dókítà, wọ́n pe Bàbá Ẹnjiníà. Ó kàn mí. Àlùfáà ní, "Bàbá Lọ́yà, ẹ sọ fún wa, ìgbà wo ni Lọ́yà wa ń bọ̀?"

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ mi kì í ṣe lọ́yà. Ọgbà ló ń tọ́jú, òdòdó ló ń gbìn. Èmi náà ti padà sí oko, ọdún kejì rèé, mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀."

Àwọn akọrin tẹjú mọ́ ìwé orin wọn bí ẹni pé wọn kò kà á rí. Màmá Agnes ló kọ́kọ́ fọhùn, arúgbó Ìsìkàn tó máa ń jókòó nídìí òpó, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ní, "Uṣẹ́ ọ̀hún, ṣé ó ń bọ́ ọmọ náà?"

Mo ní, "Ó ń bọ́ ọ, Mà."

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé tìrẹ ń bọ́ ulé rẹ?"

Mo ní ó ń bọ́ wa.

Ó ní, "Kí la wá dákẹ́ sí? Ẹ jẹ́ á dúpẹ́." Ó sì dá orin, kò dúró de ẹni tó ń tẹ dùrù. Ohùn rẹ̀ kò dára mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbè é.

Lẹ́yìn ìsìn, Adélaní, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì lọ́dún kan náà pẹ̀lú mi, fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi dárò ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní ṣé ilẹ̀ ṣì kù lẹ́bàá tèmi.

Mẹ́tàdínlógún tí kò yọ yẹn, mo sọ fún ọ pé kí poro ga tó orúnkún. Olórí kunkun ni ọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, kọ ọ́ bí mo ṣe wí. Sọ fún Joy pé mo kí i, pé kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí orúkọ mi.

O béèrè ìre lọ́wọ́ mi ní oṣù kẹwàá, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ lófo. Gbà á báyìí. Ohun tí o bá rì mọ́lẹ̀ yóò hù. Ilẹ̀ kò ní kọ ọwọ́ rẹ. Ìwọ kò ní ṣe làálàá kí ẹlòmíràn kó o lọ. Èmi bàbá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní àmín.

Èmi àti Adélaní jọ ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti sọ fún ìyá rẹ kó má lọ aṣọ ìpàdé fún mi. Aṣọ oko ni n ó wọ̀ jáde nílé.

Bàbá rẹ,
Adébùsóyè.